Iná Ń Kọjá Lórí Òrè: Ta Ló Ń Kà Á?

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Òrè, tó dojú kọ ọ̀nà Benin, kò ní í pẹ́ rí àwọn òpó irin gàgàrà tí wọ́n gbé wáyà ńlá rékọjá igbó. Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń bọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilé-iṣẹ́ apèsè iná méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ṣí i ní 2007, wọ́n sì ṣe é kó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 335. Èkejì wà lábẹ́ ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní NIPP, ẹ̀rọ mẹ́rin ló ní, agbára wọn lápapọ̀ sì tó nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 500. Gáàsì tó ń gba inú páìpù láti Escravos lọ sí Èkó ni àwọn méjèèjì ń sun. Iná tó bá jáde níbẹ̀ á bọ́ sórí wáyà tó gbé fólùtì 330,000, wáyà náà á na ọwọ́ kan sí Benin, á na ọwọ́ kejì sí Ìkejà.

Abẹ́ wáyà yìí ni àwọn èèyàn ń gbé tí wọ́n ń tan àtùpà. Òkìtìpupa, Ìlàjẹ, Ìrèlè, Ẹsẹ̀-Odò àti apá kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó tí Òrè wà: ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé níbẹ̀ ló lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láìgbọ́ kí ọmọdé pariwo “Up NEPA!” ní àdúgbò wọn. Gbèsè ni wọ́n ní ó fà á. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ta ẹ̀ka pínpín iná fún àwọn aládàáni ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ BEDC ló gba Edo, Delta, Oǹdó àti Èkìtì. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ará Gúúsù Oǹdó jẹ òun lówó tó pọ̀. Àwọn ará ìlú ní ta ni ó sanwó òkùnkùn, pé àwọn fúnra wọn ló dá owó ra tiransifọ́mà, tí wọ́n ra òpó, tí wọ́n sì tún ń gba bíìlì ní oṣù tí iná ò tàn.

Èmi gbà pé kókó ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ ti owó nìkan. Ohun tó mú kí ìjà náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ní ìwé tó lè fi dá ẹnì kejì lẹ́bi. Iná tó wọ Òdìgbó ní oṣù kan, ta ló wọ̀n ọ́n? Iná tó dé tiransifọ́mà ẹ̀yìn ọjà, èló ni? Nínú rẹ̀, mélòó ló bá wáyà tó ti jẹrà ṣòfò, mélòó ni wọ́n jí, mélòó ni oníbàárà lò ní tòótọ́? Ilé-iṣẹ́ ń fojú dá a, oníbàárà náà ń fojú dá a, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ohun tí wọ́n fi ń gé iná ló sì ń borí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ètò iná tó ní ọpọlọ, ìyẹn èyí tó ń wọn iná tó sì ń ròyìn fúnra rẹ̀, tí ayé ń pariwo rẹ̀ lónìí, kan Òrè ju bó ṣe kan Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ẹ̀rí ló máa kọ́kọ́ fún wa. Ìgbádùn lè tẹ̀ lé e.

Ní 2024, NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, ṣí sọ́bùsítéṣọ̀n tuntun ní Erínjẹ, lẹ́bàá Òkìtìpupa, èyí tó ń sọ iná fólùtì 132,000 di 33,000 kó lè dé ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tí mo dárúkọ. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ ká dúpẹ́. Àmọ́ tí iná bá dé pẹ̀lú àfojúdá àtijọ́, gbèsè àtijọ́ á tún hù lórí rẹ̀, a ó sì tún padà sídìí àtùpà.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti máa wọn iná. Ibi mẹ́ta ni. Èkíní ni fídà, ìyẹn wáyà tó ń jáde láti sọ́bùsítéṣọ̀n tó sì ń gbé iná lọ sí agbègbè kan. Èkejì ni tiransifọ́mà àdúgbò. Ẹ̀kẹta ni ilé oníbàárà. Wọ́n ti ń wọn ti fídà dáadáa díẹ̀, pàápàá láti oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, gba àwọn ilé-iṣẹ́ láyè láti gbé owó iná àwọn tó wà ní Ìpele A láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí yúníìtì kan. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún àwọn oníbàárà wọ̀nyí. NERC tún pàṣẹ pé tí ilé-iṣẹ́ kan ò bá lè pé wákàtí náà fún ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n já fídà ọ̀hún wálẹ̀ sí ìpele tó tọ́ sí i, kí owó náà sì já pẹ̀lú rẹ̀. Láì sí mítà tó ń ka wákàtí lórí fídà, àṣẹ yẹn ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ó di ohun tí ará ìlú lè fi béèrè ẹ̀tọ́.

Níbi tiransifọ́mà, òkùnkùn ló ṣú. Ọ̀pọ̀ tiransifọ́mà tó wà lórí òpó ní Òrè, ní Òdìgbó, ní Àjùẹ́, kò sí ẹni tó mọ iye iná tó gba inú wọn kọjá lánàá. Tí epo inú rẹ̀ bá ń jò, tí ẹrù bá ti wúwo jù lórí wáyà kan nínú mẹ́ta, ìgbà tó bá bú ni àdúgbò máa tó mọ̀. Nígbà náà ni ìpàdé á bẹ̀rẹ̀, tí baálé kọ̀ọ̀kan á máa dá owó, tí àwọn ẹlẹ́ja inú yìnyín á máa ta ọjà wọn lówó pọ́ọ́kú kó má baà jẹrà. Ohun èlò kékeré kan tó ní síìmù nínú, tí wọ́n so mọ́ tiransifọ́mà, lè sọ bó ṣe ń gbóná, iye ẹrù tó wà lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, àti bí iná ṣe ga tàbí kéré sí. Ó lè ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí tiransifọ́mà náà tó bú. Kò wọ́n tó tiransifọ́mà tuntun rárá.

Ilé oníbàárà ńkọ́? Nínú àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 13 tí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2024, àwọn tó ní mítà kò tó ìdajì. Àwọn tó kù ń gba bíìlì àfojúdá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n á wo iye tí fídà gbà, wọ́n á yọ ti àwọn tó ní mítà kúrò, wọ́n á pín ìyókù lórí àwọn tí kò ní. Ìyá arúgbó tó ní gílóòbù méjì á tipa bẹ́ẹ̀ bá ẹni tó ń fi iná jórin sanwó, á tún bá olè san tirẹ̀. NERC fi gbèdéke sí i ní 2020 pé bíìlì àfojúdá kò gbọ́dọ̀ ju iye kan lọ, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé àwọn ilé-iṣẹ́ tó kọjá rẹ̀. Ó ràn wá lọ́wọ́. Síbẹ̀ gbèdéke kì í sọ iye tí èèyàn lò.

Àwọn kan á ní, ṣebí mítà alásansílẹ̀ tiwa ti ní ọpọlọ, ó ṣáà ń gba nọ́ńbà. Ó gbọ́n díẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 fi hàn wá. Nọ́ńbà 20 tí a ń tẹ̀ sínú mítà jẹ́ ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní STS, tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ń lò. Nínú nọ́ńbà náà ni àkókò tí wọ́n tà á wà, kí ẹnì kan má baà lo nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kíkà náà kò gbà ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì pé. Mítà tí wọn ò bá tún tò kò ní í gba nọ́ńbà tuntun mọ́, níbikíbi tó bá wà láyé.

Kí wọ́n tó lè tún un tò, oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní láti tẹ nọ́ńbà 20 lọ́nà méjì, kó tó tẹ ti iná tó rà. Rò ó fún àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí mítà rẹ̀ wà lókè òpó níta, tó ń wá ọmọ tó máa bá a tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ mítà tó ń sọ̀rọ̀ ni, ilé-iṣẹ́ á ti tún un tò láti ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín mítà tí a ní àti mítà tí ayé ń rà báyìí nìyẹn. Tiwa ń gba àṣẹ láti ọwọ́ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, kò sì lè ròyìn fún ẹnikẹ́ni. Tí ó bá kú, tàbí tí ẹnì kan bá fi wáyà fo orí rẹ̀, ìyẹn báípáàsì, àfi kí òṣìṣẹ́ wá síbẹ̀ kó tó rí i.

Mítà tó ń sọ̀rọ̀ ní síìmù tàbí rédíò kékeré nínú. Ó ń ka iná ní wákàtí wákàtí, ó sì ń fi í ránṣẹ́. Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tó wù mí púpọ̀: wọ́n ń fi agbára díẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ lójijì, á fi èémí ìkẹyìn yẹn ránṣẹ́ pé “iná ti lọ níbí o.” Ilé-iṣẹ́ á wo inú àwòrán ìlú, á rí i pé ilé 40 ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ tiransifọ́mà kan, á mọ̀ pé fíúsì tiransifọ́mà ló já, á rán ẹni tó máa tún un ṣe. Lónìí, àfi kí ẹnì kan gba ọ́fíìsì lọ, kó mọ ẹnì kan níbẹ̀, kó sì tún wá owó ọkọ̀ fún àwọn tó máa gun òpó.

Tí tiransifọ́mà bá wá ní mítà tirẹ̀, tí gbogbo ilé abẹ́ rẹ̀ náà sì ní, ìṣirò tó rọrùn á lé irọ́ jáde. Tiransifọ́mà ní òun fún àdúgbò ní yúníìtì 1,000 lánàá, gbogbo mítà ilé jẹ́ 720. Ibo ni 280 wà? Díẹ̀ á ti di ooru nínú wáyà, ìyẹn kò ṣeé yẹra fún. Ìyókù, tàbí wọ́n jí i, tàbí wáyà ti bàjẹ́. Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni pé àdúgbò tó mọ́ á bọ́ lọ́wọ́ orúkọ burúkú. Wọn ò ní í lè sọ fún gbogbo Gúúsù Oǹdó mọ́ pé olè ni wọ́n, nígbà tó bá jẹ́ pé òpópónà méjì ni ọ̀rọ̀ kàn. Ilé-iṣẹ́ tó bá mú bíìlì yúníìtì 900 wá fún àdúgbò tó lo 720 náà á ní ohun tó máa ṣàlàyé.

Kì í ṣe àlá. Ní Ítálì, láti 2001 ni ilé-iṣẹ́ Enel ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú mítà yìí sí ilé, láàárín ọdún mélòó kan ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 30. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìgbà òtútù 2022 sí 2023, wọ́n sanwó fún àwọn ìdílé tó lé ní mílíọ̀nù kan pé kí wọ́n má fọ aṣọ, kí wọ́n má sì se oúnjẹ ní wákàtí tí ẹrù wúwo jù lórí wáyà. Mítà ló jẹ́rìí pé wọ́n dín in kù lóòótọ́. Àwọn ọmọ Oǹdó tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, náà mọ irú mítà yìí, ó wà lára ògiri ilé wọn.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún wa ju bí ó ti hàn lójú lọ. Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni pé kí iná tí wọ́n ń pèsè àti èyí tí a ń lò máa dọ́gba ní gbogbo ìṣẹ́jú, kí iná tó ń jáde láti inú gbogbo ẹ̀rọ, láti Kainji dé Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, máa lọ kó sì máa bọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ìgbà àádọ́ta nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó dà bí obìnrin mẹ́ta tó ń gún iyán nínú odó kan: ọmọrí odó kan ń gòkè, òmíràn ń sọ̀, àmọ́ bí ẹnì kan bá ṣi ìwọ̀n gbé, gbogbo wọn á kọlu ara wọn. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá kú lójijì, tí àwọn tó kù ò lè gbé ẹrù náà, gbogbo wọn á já sílẹ̀. Ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ tí èyí ṣẹlẹ̀ ní 2024 nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ ìròyìn láti àwọn sọ́bùsítéṣọ̀n ti ń dé Òṣogbo, ẹni tó ń darí kò sì lè fojú ara rẹ̀ rí gbogbo wáyà tó wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Kí gbogbo rẹ̀ má baà já, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gé ìlú kan lódindi. Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ inú ilé tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ti wúlò. Fírísà tó ti tutù dáadáa lè dúró fún ìṣẹ́jú 15 láìsí pé ẹja inú rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù náà lè sinmi. Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú wọn lè gbọ́ pé ẹrù ti wúwo, kí wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀ fúnra wọn, kò ní í sí ìdí tí wọ́n á fi gé Òrè pátápátá, pẹ̀lú ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní Òrè, ilé ìlagi ló yẹ kí a kọ́kọ́ rò. Ẹ̀rọ ìlagi ń jẹ iná bí iná ṣe ń jẹ ìgbẹ́, tí wọ́n bá sì tan mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, gílóòbù àdúgbò á di pupa. Ọ̀pọ̀ wọn ti fi iná ìjọba sílẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sun. Mo gbà pé bí ètò kan bá wà tó lè sọ fún onílé ìlagi lórí fóònù rẹ̀ pé láti aago mẹ́wàá sí aago méjì iná pọ̀, owó rẹ̀ sì rọjú, á to iṣẹ́ rẹ̀ sí àárín àkókò náà. Àwọn tó ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí á ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀sán ni wọ́n sábà ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán náà sì ni oòrùn ń mú iná wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Oòrùn yìí kò jìnnà sí wa. Ní Gbamugbamu, abúlé oníkòkó kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí a jọ pààlà, ilé-iṣẹ́ Rubitec gbé sólà kílówáàtì 85 kalẹ̀ ní 2018 pẹ̀lú bátìrì, wọ́n sì so ó mọ́ ilé àwọn ará abúlé. Igbó kan náà ni, kòkó kan náà ni. Iná wọn kò dúró de Òṣogbo. Kò sì ṣàjèjì sí Gúúsù Oǹdó kí ìlú ní iná tirẹ̀: àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ní Ayétòrò, létí òkun Ìlàjẹ, ti ń tan iná tí wọ́n pèsè fúnra wọn ní àwọn ọdún 1950.

Ẹ má jẹ́ ká fi ewu pamọ́. Ìnfátà tí àwọn olówó díẹ̀ ti ń gbé sí ilé ní Òrè báyìí ní áàpù: èèyàn á wà ní Èkó, á máa wo bátìrì ilé rẹ̀ lórí fóònù. Ó dára. Àmọ́ ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tó bá inú páálí wá sílẹ̀ láìyí i padà ti fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ní 2016, àwọn kan lo kámẹ́rà àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn onílé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti dá íntánẹ́ẹ̀tì apá tó pọ̀ ní Amẹ́ríkà dúró. Ní 23 oṣù kejìlá ọdún 2015, àwọn olè orí kọ̀ǹpútà wọ ilé-iṣẹ́ iná ní Ukraine, wọ́n sì pa iná mọ́ àwọn oníbàárà tó tó 225,000 lójú. Ohun tó yọ wọ́n ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ṣì lè lọ sí sọ́bùsítéṣọ̀n kí wọ́n fi ọwọ́ tan án. Kí a má ṣe lé gbogbo àwọn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lọ nítorí pé kọ̀ǹpútà dé.

Ewu kejì sún mọ́ ilé jù. Mítà tó ń ka iná ní wákàtí wákàtí mọ ìgbà tí a sùn, ìgbà tí a jí, àti ọjọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ó sì yẹ kó bo ìwé iná wa pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mítà tí wọ́n lè pa láti ọ́fíìsì: kò gbọ́dọ̀ rọrùn fún ọ̀gá kan láti fi bọ́tìnì kan jẹ ìdílé níyà lórí gbèsè tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé.

Ẹni tó lè fi èyí sínú àṣẹ ti wà ní Àkúrẹ́ báyìí. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ilẹ̀ wa ní 2023 gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣàkóso iná ní agbègbè wọn, Oǹdó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á: ní 2024, NERC pàṣẹ kí àkóso ọjà iná ìpínlẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ àjọ tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, OSERB. Mo fẹ́ kí àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ibi tiransifọ́mà, kó tó dé mítà ilé. Kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ pín iná ní Òdìgbó fi mítà sí gbogbo tiransifọ́mà, kí ó sì máa gbé iye tó gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá jáde ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, lórí fóònù àti lára pátákó ní ọjà, ní èdè Yorùbá. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, ní àwọn abà oníkòkó tó jìnnà, kí mítà máa tọ́jú ohun tó kà pamọ́ fún oṣù mélòó kan títí òṣìṣẹ́ á fi wá gbà á. Kí gbèsè tí kò ní ìwé òǹkà tiransifọ́mà lẹ́yìn má sì jẹ́ ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ gé ìlú kan mọ́.